Mo ta ọ̀mì nínú Berlin pẹ̀lú ẹni tó jù mí lọ: ẹ bá mi wò ó

ẸṣinF3

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ojúgbà mi. Ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì òpin ọ̀sẹ̀ kan ni mo lọ ní Ìbàdàn: ìṣẹ́jú 60 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 30 sì ń gorí rẹ̀ nígbàkígbà téèyàn bá ta. Ní ráúǹdù kẹrin, wọ́n fi mí ko ọ̀gbẹ́ni kan tí rétíìn rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi agbára ẹni tó ń ta hàn) ju tèmi lọ dáadáa. Èmi ni mo mú funfun, ó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n ń pè ní Berlin dá mi lóhùn. Bí eré ṣe lọ rèé (K ni ọba, Q ayaba, R rúùkù, B bíṣọ́ọ̀bù, N ẹṣin; x ni jíjẹ, + ni ṣẹ́ẹ̀kì, O-O ni kíkó ọba wọlé):

1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bb5 Nf6 4.O-O Nxe4 5.d4 Nd6 6.Bxc6 dxc6 7.dxe5 Nf5 8.Qxd8+ Kxd8 9.Nc3 Bd7 10.h3 h6 11.b3 Kc8 12.Bb2 b6 13.Rad1 Ne7 14.Nd4 c5 15.Nde2 Bc6 16.Nf4 Ng6 17.Nxg6 fxg6 18.f4 Be7 19.Nd5 Bxd5 20.Rxd5 Rd8 21.Rfd1 Rxd5 22.Rxd5 Kb7. Ọ̀mì.

Ó gbé ọba sí b7, ó tẹ aago, ó jókòó díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ní, "Àbúrò, ṣé ká pín in?" Mo ronú lọ, mo ronú bọ̀. Gbogbo ibi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń pe ìbẹ̀rẹ̀ eré yìí ní Ògiri Berlin, pé ògiri náà kì í wó. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, a fọwọ́ síwèé, ó tán.

Ìgbà tí kóòṣì mi rí ìwé eré náà, inú bí i. Ó ní mo gbé ẹran fún un, mo mú eegun relé. Èmi ò gbà. Ìdajì àmì lọ́wọ́ ẹni tó jù mí lọ kì í ṣe nǹkan kékeré, rétíìn mi gòkè, òun ló sì jẹ́ kí n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn níkẹyìn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ọ̀mì ni pátákó yẹn lóòótọ́? Àti pé ṣé kí n máa bá a lọ láti máa ta á báyìí tí mo bá mú funfun, àbí kí n wá ọ̀nà mìíràn? Kóòṣì tún ní ọ̀gbẹ́ni yẹn ò tọrọ ọ̀mì bó ṣe yẹ. Ìyẹn náà ò yé mi.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Berlin! Ẹni tó bá ti ta á fún mi, mo ti mọ̀ pé ó fẹ́ tètè lọ jẹ iyán ni. Ẹ kú oríire ẹ̀bùn o jàre.

Bàbá Aláyò

Àbúrò, mo gbé eré rẹ sórí pátákó onígi mi, mi ò jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan dá sí i. Kí n tó sọ tèmi, jẹ́ kí n sọ fún ọ ibi tí ọ̀nà tí ẹ̀yin méjèèjì tọ̀ ti wá, nítorí ibi tí àwọn àgbà dé ní ìgbésẹ̀ 13 gan-an ni ẹ̀yin náà dé, bí ètò ìgbésẹ̀ díẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ní Riverside Studios ní Hammersmith, ìlú London, Garry Kasparov tó ti wà lórí oyè àgbáyé láti 1985 jókòó dojú kọ Vladimir Kramnik. Eré 16 ni wọ́n là sílẹ̀. Ní eré àkọ́kọ́, Kasparov mú funfun, ó ta e4 pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù sí b5 bó ṣe máa ń ṣe, Kramnik sì fi ẹṣin sí f6. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ka Berlin sí nǹkan àtijọ́, eré àwọn bàbá ayé Lasker. Kasparov gba kí ayaba méjèèjì kúrò nílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 8, ọba dúdú sì dúró sí d8 láìní ibi tí yóò sá pamọ́ sí mọ́. Téèyàn bá wò ó lásán, á ní dúdú ti wọ gbèsè: kò lè kó ọba wọlé, pọ́ọ̀nù c rẹ̀ méjì tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà kan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lé ọba náà nígbà tí ayaba ti lọ?

Bí wọ́n ṣe ta á lọ láti ibi tí ẹ ti yà kúrò lẹ́yìn wọn rèé: 14.Ne2 Ng6 15.Ne1 h5 16.Nd3 c5 17.c4 a5 18.a4 h4 19.Nc3 Be6 20.Nd5 Kb7 21.Ne3 Rh5 22.Bc3 Re8 23.Rd2 Kc8 24.f4 Ne7 25.Nf2 Nf5. Wọ́n bọwọ́. Jọ̀ọ́, tò ó sórí pátákó kó o wò ó fún ìgbà díẹ̀, má kàn kà á lójú ìwé. Funfun ní pọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́ta ní apá ọba, ọrọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Tó bá lè tì wọ́n síwájú, g4, f5, e6, ó ti rí ọ̀nà. Ohun tí Kramnik sì ṣe ni pé ó fi pọ́ọ̀nù h kan ṣoṣo rìn láti h6 dé h4. Bí Kasparov bá ti g sí g4, dúdú á jẹ ẹ́ bó ṣe ń kọjá. Tí kò bá tì í, ẹṣin dúdú jókòó sí f5 bí onílé, kò sẹ́ni tó lè lé e. Rúùkù rẹ̀ ti jáde sí h5, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ méjèèjì ṣì pé. Ọ̀mì gidi nìyẹn. Kò sí ẹni tó bẹ̀rù ẹnì kan níbẹ̀.

Wá wo tìẹ. Ẹṣin dúdú lórí g6 kò burú nínú eré Kramnik torí pé kò sí ẹṣin funfun lórí f4 tí yóò jẹ ẹ́. Ìwọ ti gbé tìrẹ sí f4 ná kí ọ̀gbẹ́ni yẹn tó gbé tirẹ̀ sí g6. O jẹ ẹ́, ó fi pọ́ọ̀nù f gbà á, lójú ẹsẹ̀ náà ni pọ́ọ̀nù e5 rẹ bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn: kò sí pọ́ọ̀nù dúdú kankan mọ́ lórí ìlà d, e tàbí f tó lè dá a dúró. Pọ́ọ̀nù g rẹ̀ ti di méjì lórí ìlà kan. O tún gba bíṣọ́ọ̀bù c6 rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ èyí tó dára jù nínú méjèèjì. Rúùkù rẹ sì wà ní d5. Àbúrò, ọmọ yẹn tọrọ ọ̀mì torí ó mọ ohun tó rí.

Nítorí náà kóòṣì rẹ kò purọ́. Orúkọ Berlin ló gba ọ̀mì yẹn lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe ohun tó wà lórí pátákó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Bàbá ti dé o. Mo ti lọ gbé àga.

ẸṣinF3

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo tò ó, mo ti rí ọ̀ràn h4 yẹn, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń jà fún ìdajì àmì mi o! Kí ni ǹ bá ta ní ìgbésẹ̀ 23?

Akin Peckham

Èmi yàtọ̀ sí Bàbá díẹ̀, kí wọ́n má bínú. Eré orí pátákó yàtọ̀ sí ìdíje. Ní London níbí ní 2018, Carlsen àti Caruana ta eré gígùn 12 fún oyè àgbáyé, méjèèjìlá ló jẹ́ ọ̀mì. Nínú èyí tó kẹ́yìn, Carlsen tó mú dúdú ló wà lókè, aago Caruana sì ti ń gbẹ, síbẹ̀ Carlsen fúnra rẹ̀ ló tọrọ ọ̀mì ní ìgbésẹ̀ 31. Àwọn ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ sí i gan-an. Kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ pé eré kíákíá ló kàn, òun sì mọ̀ pé òun ju ẹnìkejì lọ níbẹ̀. 3–0 ló nà án.

Àbúrò wa ṣe ìṣirò tirẹ̀ náà. Ó ní ẹ̀bùn lójú, ó gbà á. Kí ló burú níbẹ̀?

Bàbá Aláyò

Akin, Carlsen ní eré kíákíá lẹ́yìn rẹ̀ tó gbára lé. Ṣé àbúrò wa ti ka àmì tó kù sílẹ̀ kó tó bọwọ́, àbí ìgbà tí ìdíje parí ló tó mọ̀ pé òun yóò gba ẹ̀bùn? Tó bá ti kà á ṣáájú, mo fara mọ́ ọn. Ọ̀mì tí èèyàn ṣírò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

ẸṣinF3

Bàbá... ẹ má bi mí ní ìyẹn 😄

Ìyá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Àwọn ọmọ kéékèèké ni mo ń kọ́ ní ṣẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ilé ìwé, láti ìgbà tí àwọn tèmi ti rí Tunde Onakoya tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square ní 2024 tí wọn ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Ìmọ̀ràn tèmi fún àbúrò ni pé kò pọn dandan kó wọ inú eré aláìláyaba yẹn rárá. Ìlẹ̀kùn méjì ló wà.

Èkíní ni 4.d3. Funfun kàn dáàbò bo e4, ayaba wà nílẹ̀, gbogbo eré ṣì kù. Àwọn ọ̀gá ńlá pàápàá sá gba ibẹ̀ nígbà tí ògiri náà sú wọn. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ọ̀fìn kan: tí dúdú bá fi ẹṣin sí e7, tó dà bíi pé ó gbàgbé pọ́ọ̀nù e5, ẹ má jẹ ẹ́. 4...Ne7 5.Nxe5 c6! Bíṣọ́ọ̀bù wà lẹ́nu pọ́ọ̀nù. Tó bá sá, ayaba dúdú á jáde sí a5 pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì, á sì kó ẹṣin e5 lọ. Bí ẹ bá fi ẹṣin sá sí c4, tí ẹ ń ro ṣẹ́ẹ̀kìmétì lórí d6, á ta d6 fúnra rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù lọ sí a4, pọ́ọ̀nù b5 wọlé sáàárín bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kú. Ọ̀fìn yìí ti pẹ́ láyé, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló fi mú àgbàlagbà kan níwájú mi.

Èkejì ni 4.O-O Nxe4 5.Re1. Ọ̀pọ̀ ló ní ọ̀mì gbígbẹ ni ibẹ̀ náà, 5...Nd6 6.Nxe5 Be7, gbogbo nǹkan á kúrò nílẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn jù: 6.Nc3, tí ẹ fi bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. 6...Nxb5 7.Nxe5 Nxe5 8.Rxe5+ Be7 9.Nd5 O-O 10.Nxe7+ Kh8 11.Qh5 g6 12.Qh6 d6, ibi yìí ni wọ́n máa ń pariwo, 13.Rh5! Tó bá fi pọ́ọ̀nù g jẹ rúùkù, 14.Qf6 ni òpin. Tí kò bá jẹ ẹ́, h7 ni òpin. Dúdú tó mọ̀ ọ́n á ta 7...Be7 dípò kó jẹ ẹṣin, gbogbo ariwo á sì rọlẹ̀. Ẹ má tìtorí ọ̀fìn ta á, ẹ kàn mọ̀ pé ó wà.

Pọ́ọ̀nùH

Kí lẹ tilẹ̀ ń da ara yín láàmú sí? Tí ẹ bá fẹ́ ọ̀mì nínú Berlin, ó ti wà nílẹ̀: 4.O-O Nxe4 5.d4 Nd6 6.dxe5 Nxb5 7.a4 Nbd4 8.Nxd4 Nxd4 9.Qxd4 d5 10.exd6 Qxd6 11.Qe4+ Qe6 12.Qd4 Qd6 13.Qe4+ Qe6 14.Qd4 Qd6. Ẹ lọ sílé. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ọ̀gá àgbà ti ta á láìmọye ìgbà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Owó ọkọ̀ tí mo san wá síbi ìdíje, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ fẹ́ kí n fi jẹ ẹ́?

Adájọ́ Aláìpariwo

Mo máa ń ṣe adájọ́ ìdíje, torí náà ẹ jẹ́ kí n mú apá òfin.

Àbúrò ẸṣinF3, ohun tí kóòṣì rẹ ń sọ rèé. Òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ní kí ẹni tó fẹ́ ọ̀mì kọ́kọ́ ta tirẹ̀ lórí pátákó, kó tọrọ ọ̀mì, kó tó wá tẹ aago. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ti tẹ aago kó tó lanu, ó sì ti di àsìkò tìrẹ, ìwọ lò ń ronú. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò di asán nítorí ìyẹn, ọ̀mì yín múlẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ lè wò ó bóyá ó ń dí ọ lọ́wọ́ ìrònú, èyí tí òfin kọ̀. Tó bá ń ṣe é léraléra, dá aago dúró kó o pe adájọ́. Kì í ṣe ìwà àfojúdi.

Ẹni tí wọ́n tọrọ ọ̀mì lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní láti dáhùn kíákíá. Aago tìrẹ ló ń lọ, ìwọ lo ni ín. O lè sọ pé rárá. O sì lè má sọ nǹkan kan: tó o bá ti fọwọ́ kan ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì kan láti ta á, o ti kọ̀ nìyẹn. Ẹni tó tọrọ ọ̀mì kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ kó o tó dáhùn. Ẹ sì máa kọ àmì (=) sínú ìwé eré yín níbi tí wọ́n ti tọrọ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kì í kọ ọ́, tí ìjà bá dé, kò sí ẹlẹ́rìí.

Pọ́ọ̀nùH, ìdíje ló ń sọ bóyá ẹ lè tọrọ ọ̀mì kó tó di ìgbésẹ̀ kan pàtó. Ní Sofia ní 2005, wọ́n ní kò sí ẹni tó lè tọrọ ọ̀mì lọ́wọ́ ẹnìkejì rárá, látìgbà náà ni irú òfin yẹn ti tàn ká. Kódà eré Carlsen tí Akin mẹ́nu bà, wọn ò gbọdọ̀ tọrọ rẹ̀ kó tó di ìgbésẹ̀ 30. Ẹ ka ìwé ìdíje kẹ́ ẹ tó jókòó. Ohun tí òfin bẹ́ẹ̀ kì í dí ni àtúntà: tí àwòrán kan náà (bí gbogbo ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì ṣe tò lórí pátákó) bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, tó jẹ́ ẹnì kan náà ló máa ta, èèyàn lè béèrè ọ̀mì lọ́wọ́ adájọ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ ló máa ń kó bá àwọn èèyàn. Nínú ìlà tó o kọ yẹn, àwòrán àkọ́kọ́ jáde lẹ́yìn 10...Qxd6, èkejì lẹ́yìn 12...Qd6, ẹ̀kẹta lẹ́yìn 14...Qd6. Tó bá jẹ́ dúdú ló fẹ́ béèrè, kó má gbé ayaba náà o! Kó kọ Qd6 sínú ìwé rẹ̀, kó dá aago dúró, kó pe adájọ́, kó ní ohun tí òun fẹ́ ta nìyí, yóò sì mú àwòrán náà pé mẹ́ta. Tó bá ti gbé e tó tẹ aago, ẹ̀tọ́ náà ti kọjá sọ́wọ́ funfun. Ẹni tó bá sì pe adájọ́ tí kò pé mẹ́ta, ẹnìkejì rẹ̀ ni a ó fi ìṣẹ́jú méjì kún tirẹ̀. Tó bá pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni kò sí ẹni tó nílò láti béèrè, eré parí fúnra rẹ̀.

Akin Peckham

Ẹ ṣé, Adájọ́. Ọ̀ràn ọ̀mì kì í ṣe tòní o. Karpov àti Kasparov bẹ̀rẹ̀ ìdíje oyè kan ní 1984, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáwé olúborí nínú eré mẹ́fà ló ni í. Wọ́n ta eré 48, ọ̀mì ni 40 nínú rẹ̀! Karpov ti ní márùn-ún, Kasparov mẹ́ta. Oṣù kejì 1985 ni ààrẹ FIDE, Campomanes, dá a dúró láìsí olúborí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dúpẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Bàbá, ẹ dáhùn ìbéèrè kan fún mi. Tí Berlin bá le tó bẹ́ẹ̀, ṣé ẹnì kan ti ń fi funfun borí nínú rẹ̀ ní ibi gíga? Kí n má lọ máa ta ohun tí kò léso.

Bàbá Aláyò

Ìbéèrè gidi lo béèrè lónìí, ó yà mí lẹ́nu.

Kasparov kò rí i wó. Eré àkọ́kọ́, ìkẹta, ìkẹsàn-án, ìkẹtàlá, nínú gbogbo rẹ̀ ló ti ko Berlin, ọ̀mì ni gbogbo wọn. Kramnik fi funfun borí nínú eré kejì àti ìkẹwàá, ó parí sí 8.5 sí 6.5, Kasparov kò borí nínú eré kan ṣoṣo. Oyè ọdún 15 lọ. Láti ìgbà náà ni gbogbo ọ̀dọ́ tí ń bẹ lókè ti ń kọ́ Berlin.

Ṣùgbọ́n wo Sochi, oṣù kọkànlá 2014, eré kọkànlá láàárín Carlsen tó mú funfun àti Anand, nínú ìdíje oyè àgbáyé. Eré aláìláyaba kan náà ni, ọba dúdú lórí d8. Anand kò dúró de ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bíi ti Kramnik, ó dìde jà ní apá ayaba, ó ti b5. Èyí dára. Lẹ́yìn náà ló gbé rúùkù sí b4, kí bíṣọ́ọ̀bù funfun lè jẹ ẹ́. Carlsen jẹ ẹ́, ó mú sùúrù, ó borí ní ìgbésẹ̀ 45, ó sì fi eré yẹn pa oyè rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ògiri náà máa ń wó. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sábà máa ń wó o fúnra rẹ̀.

Kóòṣì Alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ohun kan ló kù tí ẹ ò sọ, mo sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù fún ọmọbìnrin yìí ju kó yí ìbẹ̀rẹ̀ eré padà lọ.

Gbé pátákó rẹ sí ibi tí eré dé lẹ́yìn 8...Kxd8. Kó gbogbo ẹṣin, bíṣọ́ọ̀bù àti rúùkù kúrò, ti funfun àti ti dúdú. Ọba méjì àti pọ́ọ̀nù nìkan ló kù: funfun ní a2, b2, c2, e5, f2, g2, h2, dúdú ní a7, b7, c7, c6, f7, g7, h7. Wá ẹnì kan, kí ẹ ta á. Mú funfun, lẹ́yìn náà mú dúdú. Wàá rí i pé funfun ló ń borí, nítorí pọ́ọ̀nù mẹ́rin rẹ̀ ní apá ọba máa ń bí pọ́ọ̀nù tó lè lọ di ayaba, nígbà tí mẹ́rin ti dúdú ní apá ayaba kì í tètè bí nǹkan kan torí méjì wà lórí ìlà c. Tó o bá ti ta á dáadáa, wàá mọ ìdí tí dúdú kì í fi í fẹ́ pààrọ̀ gbogbo nǹkan, wàá sì mọ ìdí tí bíṣọ́ọ̀bù méjì fi ṣe iyebíye fún un. Lẹ́yìn náà, dá ẹṣin kan padà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún un ta. Lẹ́yìn ìyẹn, bíṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ra fún èyí tí bíṣọ́ọ̀bù funfun ń rìn lójú dúdú tí ti ẹnìkejì ń rìn lójú funfun: ibẹ̀ ni ọ̀mì máa ń sá pamọ́ sí, kódà tó o bá fi pọ́ọ̀nù kan jù ú lọ.

Nínú eré tìẹ, bíṣọ́ọ̀bù b2 àti ti e7 jọ ń rìn lójú dúdú. Ìyẹn nìkan tó ìdí láti sọ pé rárá.

ẸṣinF3

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé ẹ lè bá mi mú un láti ìgbésẹ̀ 23 báyìí? Kóòṣì mi ní Kf2, mo bẹ̀rù ṣẹ́ẹ̀kì láti h4.

Kóòṣì Alẹ́

Má bẹ̀rù rẹ̀. 23.Kf2 Bh4+ 24.g3, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á padà sí e7. Kò lè jẹ g3, ọba rẹ á gbé e mì. Pọ́ọ̀nù g3 rẹ ti wá ń dáàbò bo f4 láìsanwó.

Tó bá jẹ́ 23...Rd8 ló ta, pààrọ̀ rúùkù láìwẹ̀yìn: 24.Rxd8 Bxd8 25.Kf3, kí ọba lọ jókòó sí e4. Ká ní 25...Kc6 26.Ke4 Kd7 27.f5! Tó bá fi g6 jẹ ẹ́ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì, ọba rẹ á jẹ f5, lẹ́yìn náà e6 á ṣí ọ̀nà fún bíṣọ́ọ̀bù b2 títí dé g7, ọba rẹ á sì máa wo g6 àti h6. Nǹkan tó kù nínú pọ́ọ̀nù rẹ̀ níbẹ̀ yóò tú ká. Dúdú tó gbọ́n kò ní pààrọ̀ rúùkù, á fi ọba sún mọ́ c6 láti lé rúùkù d5 rẹ. Ìgbà yẹn ni eré gan-an máa bẹ̀rẹ̀, ìwọ lo sì ní ohun tó ń rìn níwájú.

Ìyá Ìbejì

Èmi ṣì ń sọ pé 4.d3 o.

Pọ́ọ̀nùH

Èmi ṣì ń sọ pé 6.dxe5.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

ẸṣinF3, mo ti ṣí eré sílẹ̀ lórí Lichess, ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì, láti àwòrán yẹn, mo mú dúdú. Ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 10. Kí ẹ̀yin àgbà máa wò wá, ẹ má sọ nǹkan kan. Èmi á máa kọ ọ́ síbí bó ṣe ń lọ.

ẸṣinF3

Mo ti wọlé. 23.Kf2.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Bh4+.

ẸṣinF3

g3.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Be7. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká pín in?

ẸṣinF3

25.Ke3.